Ẹ̀rọ Rẹ́nhọ́fù Tí O Fi Ránṣẹ́

Ladjifarani, Parakou
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Alásárì

Ìyá Húsnà, ìyàwó mi,

Asàlámù alékúmù. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ kí, kí n tó kí ẹnikẹ́ni nínú ilé yín. Lẹ́yìn rẹ mo kí Húsnà, mo sì kí Hùsèínì ọmọ mi, ọkọ rẹ. Ṣé ara le? Ṣé òjò Cotonou kò tíì lé yín jáde nínú ilé? Kí Ọlọ́run Ọba má jẹ́ kí àìsàn mọ ojú ọ̀nà yín. Ní tèmi, ara mi yá. Orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń bá mi ṣe awuyewuye bí mo bá ń dìde lórí ìrun, ìyẹn kì í sì í ṣe ìròyìn tuntun.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ. Tẹlifóònù wà lọ́wọ́ mi, owó sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù, tí a bá ti gbé e sílẹ̀, ó ti lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mo fẹ́ kí o lè dì í mú lọ́wọ́, kí o lè tẹ́ ẹ síwájú ẹnikẹ́ni tó bá tún bi ọ́ nípa ọ̀ràn náà. Ìdí nìyẹn tí n kò fi jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi kọ ọ́. Kíláàsì àwọn àgbà tí mo lọ fún ọdún méjì, tí Hùsèínì fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyá òun ń gbé síléètì kiri, èrè rẹ̀ ni mo ń jẹ lónìí. Níbi tí ọwọ́ mi bá ti wọ́, fojú fò ó.

Mo rí àpò ìwé tí o fi rán awakọ̀ bọ́ọ̀sì sí mi. Mo bá ìwé gàrántì ẹ̀rọ náà nínú rẹ̀, mo bá ìwé tí ṣọ́ọ̀bù fi òǹtẹ̀ lù nígbà tí o rà á, mo sì bá bébà kékeré tí o fọwọ́ ara rẹ kọ. O ní: "Ìyá, ẹ fọwọ́ sí i, wọn yóò fún yín ní òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi, ṣé Rẹ́nhọ́fù kò jẹ́ nǹkan kan mọ́ ni? Bàbá yìn ín fún wa tó." Kò sí ìkíni lókè rẹ̀, kò sí àdúrà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìwọ ni o máa ń kí mi títí tí màá fi ní ó tó, dìde. N kò bá ọ wí. Mo mọ ohun tí mo ṣe tí ìkíni fi gbẹ lẹ́nu rẹ.

Jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí apá kan wà níbẹ̀ tí ìwọ kò mọ̀, èmi náà kò sì mọ̀ ọ́n títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn.

O mọ Rẹ́nhọ́fù àkọ́kọ́, èyí tí a fi irin ṣe, tó wúwo bí àpò iṣu. Ọdún tí Hùsèínì ń kọ́ ìrìn ni bàbá rẹ̀ rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń bá ilé iṣẹ́ òwú ṣiṣẹ́ tó sì fẹ́ padà sílùú rẹ̀. Gbogbo Parakou ló ń sáré lọ ra fìríìjì òyìnbó náà àti àga rẹ̀. Bàbá Hùsèínì, tó ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ní ọjà Arzèkè nígbà náà, asipiratọ̀ ló gbé wálé, ẹ̀rọ tí ń fa eruku, Rẹ́nhọ́fù ni orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Mo bi í bóyá ìgbálẹ̀ ti tán lọ́jà ni. Ó ní kì í ṣe ilé wa ló rà á fún. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ tàpí, ẹní onírun yẹn, sí mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa lọ́dún yẹn, ìwọ náà sì mọ eruku pupa tí ọyẹ́ ń kó wọlé níhìn-ín. Ẹni tó bá forí kanlẹ̀, pẹ̀lú iwájú orí pupa ló ń dìde. Àwọn àgbà á máa húkọ́ lórí ìrun. Ìgbálẹ̀ kò lè mú un, ńṣe ló ń gbé e kúrò lórí tàpí bọ́ sí imú ènìyàn. Bàbá Hùsèínì ní ohun tí òun rí nínú ilé òyìnbó, ó wu òun kí òun rí i nínú ilé Ọlọ́run. Ó ní sàráà òun nìyẹn. Ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí ẹ̀yin ọmọ fi ń sín in jẹ títí ó fi dàgbà: "Wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ yìí kí wọ́n tó bí bàbá mi. Ohun tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò tíì bàjẹ́, ẹ bọ̀wọ̀ fún un."

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Àlàmísì lẹ́yìn ìrun Àílà, èmi àti òun la jọ ń lọ tún mọ́ṣáláṣí ṣe de Jímọ̀. Òun á gbé ẹ̀rọ, èmi á gbé korobá omi àti ìgbálẹ̀. A ṣe é ju ọgbọ̀n ọdún lọ.

Ọ̀rọ̀ wá dórí korobá omi. Ìyá tó bí mi kò jẹ́ kí á gbálẹ̀ gbígbẹ rí. Ó ní obìnrin tó bá gbálẹ̀ láì kọ́kọ́ wọ́n omi, eruku ló fi ń bọ́ àwọn ará ilé rẹ̀. Bí mo bá ti rí ìgbálẹ̀, ọwọ́ mi ti wà nínú omi kí n tó ronú. Bí mo ṣe ń ṣe é lórí ilẹ̀ ni mo ń ṣe é lórí tàpí. Kò pọ̀, ìwọ̀n tí orí ìka lè fọ́n ni, kí eruku lè jókòó. Tí mo bá ti wọ́n ọn tán, Bàbá Hùsèínì á gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, á ní, "Àsánátù, jẹ́ ká fara balẹ̀ ná." Á jáde lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì tó wà lábẹ́ igi dóńgóyárò níta, á fọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kí n wá jókòó. Á máa sọ ìròyìn ọjà fún mi. Á máa bi mí léèrè àwọn ọmọ tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí láàárọ̀. Nígbà mìíràn ó tó wákàtí kan. Mo máa ń bú u. Mo ní iṣẹ́ wà nínú ilé, ọ̀lẹ jókòó síta ó ń pìtàn. Á kàn rẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ́ fún ìwọ náà lọ́dún tí o kọ́kọ́ wọlé wa, pé ọkọ mi fẹ́ràn ìjókòó, kí o ṣọ́ tìrẹ dáadáa. Ó wà níbẹ̀, ó gbọ́, ó tún rẹ́rìn-ín. Rántí bẹ́ńṣì yìí, mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Ó di ọdún kejì báyìí tí ó fi wá sílẹ̀. Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Lẹ́yìn tí a ṣe ogójì ọjọ́ rẹ̀ tán, mo ní iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá lọ. Kò sí ẹni tí a jọ máa jókòó sórí bẹ́ńṣì mọ́, nítorí náà tí mo bá ti wọ́n omi tán, mo kàn ń tan ẹ̀rọ ni. Oṣù keje kò tíì pé tí Rẹ́nhọ́fù àtijọ́ fi rùn bí ohun tó ń jóná, ó sì kú. Mo sunkún ọjọ́ yẹn ju ọjọ́ tí wọ́n sin ọkọ mi lọ. Ọjọ́ ìsìnkú, ènìyàn pọ̀ lọ́dọ̀ mi, n kò ráyè.

Ìwọ ni o gbọ́, tí o kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. O ní, "Ìyá, sàráà Bàbá kò gbọdọ̀ dúró." Rẹ́nhọ́fù tuntun dé sí mi nínú páálí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ tó kọjá. Mo ṣàdúrà fún ọ lẹ́nu. Nínú ọkàn mi, mo ń bi ara mi bóyá ojúlówó ni. Ìyá Húsnà, ṣé o rántí bàtà tí o rà fún mi nígbà ìgbéyàwó yín, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí kí oṣù tó tán? Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti gbé bàtà náà lé ọ lórí. Mo ti dá ọ lẹ́jọ́ pé ìwọ ni ẹni tí ń ra ohun tí kò dára. Láàárọ̀ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé inú ẹrẹ̀ oko ẹ̀gbọ́n mi ni mo wọ̀ ọ́ lọ.

Ẹ̀rọ tuntun náà kò kọ́kọ́ wù mí. Ó fúyẹ́, ike ló pọ̀ lára rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ti àtijọ́, tó bá ti ké, gbogbo àdúgbò mọ̀ pé Àlàmísì ti pé. Mo ní ṣé èyí náà ń ṣiṣẹ́ ni. Ní Àlàmísì kẹta, ó ṣe bí ẹni tí oúnjẹ há lọ́nà ọ̀fun, ó dákẹ́. Àwọn obìnrin asálátù ti ń jókòó de ìpàdé, wọ́n tó ogún. Mo dìde dúró láàárín wọn, mo la ẹnu mi, mo ní: "Ayédèrú ni. Ayédèrú ni ìyàwó Hùsèínì fi ránṣẹ́ sí ilé Ọlọ́run." Mo tún fi kún un pé Rẹ́nhọ́fù tí ọkọ mi mọ̀ ti kú, pé orúkọ nìkan ni wọ́n ń tà báyìí. Àwọn ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí ti fẹ́ ra méjì fún apá àwọn ọkùnrin tẹ́lẹ̀. Wọ́n jáwọ́ nítorí ẹnu mi, ìgbálẹ̀ ni gbogbo wa sì padà sí.

Ẹyin lohùn. Kí ó tó di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ náà ti dé Titirou, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ, ó ti bá ọ ní Cotonou. Gbogbo Jímọ̀ ni o máa ń pè mí lẹ́yìn ìrun, láti ọdún tí o ti fẹ́ ọmọ mi. Jímọ̀ yẹn o kò pè. Èyí tó tẹ̀ lé e o kò pè. Mo ní kò burú, ẹni tó jẹ̀bi ló ń sá. Iléyá dé, Hùsèínì dá wá. Ó ní iṣẹ́ kò jẹ́ kí o wá. Ọmọ yẹn kò mọ irọ́ pa, ilẹ̀ ló ń wò. Ọjọ́ tó máa padà ló sọ fún mi pé òun bi ọ́ níbi tí o ti ra ẹ̀rọ náà, o sì bi òun padà bóyá òun ló ń béèrè ni tàbí ìyá òun. Ó ní láti ọjọ́ náà, ẹ jọ ń gbé ilé ni, ẹ kò jọ ń sọ̀rọ̀. Mo gbọdọ̀ sọ òótọ́ fún ọ: inú mi dùn. Mo rò pé ọmọ mi dúró tì mí. Kí Ọlọ́run forí jì mí, nítorí mo ń rẹ́rìn-ín lórí ilé tí mo fẹ́ fi ẹnu ara mi wó.

Àpò ìwé rẹ ló wá dé. Faransé ni wọ́n fi kọ ìwé gàrántì, mo sì gbé e lọ bá Ọbalolúwa, olùkọ́ kan tó jẹ́ ará Kétu tó ń gbé ilé tó kọjú sí tiwa. Ó kà á fún mi ní ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ó dé ibì kan, ó ní, "Wọ́n ń béèrè bóyá omi wọ inú ẹ̀rọ náà rí. Ìyá, ẹ kọ rárá síbẹ̀, báyìí ni gbogbo ènìyàn ń kọ ọ́." Èmi náà ní kó kọ rárá. Kò tilẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ó ku nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì wà lọ́dọ̀ Ṣùháíbù tó ń tún nǹkan oníná ṣe ní Albarika. Mo ní kó má tíì kọ nǹkan kan, mo gun alùpùpù zẹ́mì lọ síbẹ̀.

Ṣùháíbù kò tíì tú u. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí mo ti sọ pé ayédèrú ni, òun kò rí ohun tí òun fẹ́ tún ṣe níbẹ̀. Ó tú u lójú mi láti wá nọ́ńbà. Ẹrẹ̀ ló wà níbẹ̀, ẹrẹ̀ pupa tó ti le, ó dí ọ̀nà èémí rẹ̀ títí dé ẹnu mọ́tọ̀. Ó wò ó, ó wò mí. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú o, ta ló ń fún ẹ̀rọ yìí lómi mu?" Mo ní èmi kàn ń wọ́n omi díẹ̀ sórí tàpí ni, bí mo ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ tábìlì, ó fa ìfun Rẹ́nhọ́fù àtijọ́ jáde, èyí tí mo gbé wá bá a nígbà tó kú, tí ó sì tọ́jú láti lo irin rẹ̀. Ẹrẹ̀ wà nínú ìyẹn náà. Ó fi ọ̀bẹ ha á níwájú mi. Òkè nìkan ni ẹrẹ̀ náà wà. Nísàlẹ̀ rẹ̀, eruku ọjọ́ pípẹ́ ni, ó gbẹ bí èlùbọ́. Ó ní, "Nígbà ayé Alájì ọkọ yín, omi kò wọ̀ ọ́ rí, Ìyá. Wọ́n mọ̀ ọ́n lò." Ó ní òun ti rí ẹrẹ̀ náà láti ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n mo ṣì ń ṣọ̀fọ̀, òun kò mọ bí òun ṣe fẹ́ sọ ọ́.

Mo jókòó sórí àpótí rẹ̀. Bẹ́ńṣì abẹ́ igi dóńgóyárò wá sí mi lọ́kàn. Ìyá Húsnà, ọkọ mi kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ń dúró kí omi mi gbẹ ni. Fún ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sọ lọ́jọ́ kan pé Àsánátù, omi rẹ yóò ba ẹ̀rọ mi jẹ́. Àwọn obìnrin máa ń wà nítòsí, kò sì fẹ́ kí ojú tì mí níwájú wọn. Ó tún mọ irú obìnrin tí òun fẹ́, ó mọ̀ pé màá jà. Ó gbà kí n máa pe òun ní ọ̀lẹ níwájú àna, níwájú ọmọ, ó kàn ń fọwọ́ gbá bẹ́ńṣì pé kí n wá jókòó ti òun. Òun bo àṣìṣe mi fún gbogbo ayé rẹ̀. Èmi wá gbé àṣìṣe ara mi lé ọ lórí láàárín ogún obìnrin. Mo sunkún níbẹ̀, níwájú àwọn oníbàárà Ṣùháíbù, n kò bìkítà. Mo tún bínú sí i díẹ̀, kí n má parọ́. Ká ní ó sọ fún mi ni, ẹ̀rọ méjì kì bá má kú.

Ìdáhùn sí ohun tí o béèrè nìyí. Ṣùháíbù fi ọjọ́ mẹ́ta ha ẹrẹ̀ kúrò, ó nù ún, ó sá a sí òòrùn, ó so ó pọ̀. Ó tàn. N kò gbàgbọ́, mo ní kó pa á kó tún un tàn. Ní Àlàmísì tó tẹ̀ lé e, mo fi korobá sílé, mo gbé e lọ sórí tàpí níbi tí èmi fúnra mi ti ń kírun, ibi tí mo ti ń fi ti àtijọ́ fà láti ọdún pípẹ́. Eruku tí ó fà jáde níbẹ̀ kún àwo kan. Bẹ́ẹ̀ ti àtijọ́ ń pariwo lórí rẹ̀ ni gbogbo ìgbà yẹn. Okùn iná rẹ̀ kúrú, n kò sì fọkàn tán ọwọ́ rẹ̀ tó jẹ́ ike, ìyẹn nìkan ni mo ní sí i. Rẹ́nhọ́fù ṣì jẹ́ Rẹ́nhọ́fù tí Bàbá Hùsèínì mọ̀. Ojúlówó ni o rà. Èmi ni n kò kúnjú òṣùwọ̀n.

Lónìí, mo dúró de ìgbà tí àwọn obìnrin asálátù pé, mo dìde níbi tí mo dúró sí lọ́jọ́ kìíní. Mo ní ẹnu tí mo fi sọ pé ayédèrú ni, òun náà ni mo fẹ́ fi sọ pé irọ́ ni mo pa mọ́ ìyàwó ọmọ mi. Mo sọ ọ̀rọ̀ omi fún wọn láì fi nǹkan kan pamọ́. Ìyá àgbà kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní òun ì bá wọ́n omi náà ni tó bá jẹ́ òun. Mo ti lọ bá àwọn ìgbìmọ̀ bákan náà. Mo sì ti pe Hùsèínì, mo ní kó bẹ̀ ọ́ fún ara rẹ̀, nítorí tèmi kò lè san tirẹ̀.

Wọ́n ní ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Orúnkún mi yìí kò tilẹ̀ lè pẹ́ níbẹ̀, Ọlọ́run mọ̀. Wọ́n tún ní àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé, mo gbọ́ ọ. Ìyá Húsnà, mo jẹ̀bi. Jọ̀wọ́, dárí jì mí.

Tí wọ́n bá ti ti ilé ìwé, mú Húsnà wá bá mi. Kì í ṣe nítorí ẹ̀rọ. N kò wọ́n omi mọ́, kò sí ohun tí mo ń dúró kó gbẹ, síbẹ̀ mo ṣì ń jókòó sórí bẹ́ńṣì yẹn ní gbogbo Àlàmísì lẹ́yìn iṣẹ́. Ó gùn jù fún ẹnì kan.

Kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí ọwọ́ tí o fi ra ẹ̀rọ náà. Kí Ó gba sàráà náà lọ́wọ́ rẹ, kí Ó sì jẹ́ kí ẹ̀san rẹ̀ bá Bàbá níbi tó wà. Kí Ó mú ọ̀rọ̀ padà sáàárín ìwọ àti ọkọ rẹ. Bí ìwọ náà bá di ìyá ọkọ lọ́jọ́ kan, kí Ó fún ọ ní ẹnu tó tutù ju tèmi lọ. Àmín.

Èmi ni Àsánátù,
ìyá rẹ.

Mo tún rántí: ìwé gàrántì nìyí, mo dá a padà. Má gbé e lọ fún ṣọ́ọ̀bù, a kò nílò òmíràn. Tọ́jú rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ. Níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá omi wọ̀ ọ́, mo ní kí Ọbalolúwa fi bí wọ́n ṣe ń kọ "bẹ́ẹ̀ ni" lédè Faransé hàn mí, mo sì fọwọ́ ara mi kọ ọ́. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ fún àlàyé, àmọ́ àyè náà kéré, nítorí náà ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo kọ síbẹ̀, ní Yorùbá: Èmi ni.